Jẹ́sì Nọ́ńbà Mẹ́jọ

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn dá ẹgbẹ́ rọ́gíbì sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1990, Fáníyì, balógun ikọ̀ wọn, ṣe òfin kan. Ẹni tí ó bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ léṣe ni yóò máa wọ jẹ́sì onítọ̀hún, yóò sì máa gbé e lọ sílé onítọ̀hún fún fífọ̀ ní gbogbo Sátidé, títí ẹni tí ó farapa náà yóò fi padà sí pápá. Òfin náà kò jẹ́ kí wọ́n máa ṣe bí ẹhànnà.

Fáníyì fúnra rẹ̀ ni ó gbá Solomon, tí ó ń wọ jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́jọ, mú lọ́rùn níbi ìdánrawò, tí ó sì là á mọ́lẹ̀. Solomon kò lè mi ẹsẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ nílé ìwòsàn kí wọ́n tó gbé e wá sílé ìyá rẹ̀ ní Òkèrèwè.

Ìyanṣẹ́lódì ti yunifásítì pa, wọ́n ṣí i, wọ́n tún tì í. Àwọn kan lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn kò kàn wá mọ́. Koríko bo pápá. Nígbà tí yóò fi di 1996, Fáníyì ti di dókítà, òun nìkan ni ó sì ń wọ jẹ́sì Solomon sáré níbẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, kí ó tó gbé e lọ sí Òkèrèwè.

Ní Sátidé kan, Àyọ̀kẹ́, ìyá Solomon, gba jẹ́sì náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Dókítà, ẹrẹ̀ ìgbúnwọ́ nìkan? Ṣé o kàn ń rìn gbẹ̀fẹ́ kiri ni?"

"Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, Màmá."

"O ti ń darúgbó." Ó rẹ aṣọ náà sínú ọṣẹ. "Má jókòó síbẹ̀ yẹn. Fa àpótí."

Fáníyì, tí ó ti fẹ́ fìdí lé pèpéle sìmẹ́ńtì ẹ̀gbẹ́ ìloro, fa àpótí.

"Màmá, wọ́n ti fún mi níṣẹ́ ní Saudi. Oṣù tó ń bọ̀ ni. Mo ní kí ẹ yọ̀ǹda mi."

"Ta ló ṣòfin yín?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìgbà wo lo ní ó máa parí?"

"Bí ó bá padà sí pápá."

"Ṣé ó ti padà?"

Fáníyì wolẹ̀. "Rárá, Màmá."

"Ibi tí ẹ tẹ́ ẹ sí náà ló wà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Fáníyì pọnmi kún garawa kí ó lè fi ṣan aṣọ náà.

"Ó di Sátidé, Màmá."

"Ó di Sátidé. Kí o ṣubú dáadáa lọ́tẹ̀ yìí."

Nígbà tí ó lọ tán, Àyọ̀kẹ́ fún omi aṣọ náà dànù, ó tẹ́ ẹ sórí pèpéle, ó sì rọra fà á sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó má baà bo orúkọ Solomon àti ọdún 1992 tí wọ́n sin ín síbẹ̀, èyí tí Fáníyì fi ìṣó kọ kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ.