Ọ́ìlì Tí Wéré Fi Lẹ́búlẹ́bú Bò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé, "Mò ń bọ̀ wá nù ún."

1.
Ilé iṣẹ́ kan wà tí òórùn igi tútù kì í kúrò níbẹ̀. Bàbá Agégi ló ni ín. Ẹ̀rọ agégi kan, tí ọwọ́ ti mú ọ̀dà ara rẹ̀ ṣí, ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, tí pákó tuntun tò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹni tó wá kí wọn kì í fẹ́ dìde lọ mọ́.

Ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ jẹun kí Bàbá tó jẹun. Á pa á, á jẹ́ kó tutù, á dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí kùkùté igi tó tẹ́jú, kí ìdérí ojúhò ọ́ìlì ṣéènì, ẹ̀wọ̀n eléyín tó ń gé igi, kọjú sókè. Á fi àkísà nu etí ìdérí náà yípo kó tó ṣí i, kí lẹ́búlẹ́bú igi má baà já sínú. Á ki àrọ bọ ojúhò, á wá máa da ọ́ìlì sí i tín-ín-rín, ojú rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀. Kò ní jẹ́ kó kún dé ẹnu. Á dé e pinpin, á tún nù ún. Ẹ ó rò pé ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ tuntun lórí ẹsẹ̀.

Ìyá á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá ọmọ mi, ẹ ò kẹ́ èmi tó báyìí rí o!"

"Ṣé ìwọ náà ń gé igi ni?"

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ wọn ọkùnrin tó kọ́ṣẹ́ náà, Wéré ni wọ́n ń pè é, nítorí kò mọ nǹkan í ṣe pẹ̀lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì í pè, á fèsì kíá: "Wéré ni o, kì í ṣe wèrè!" Áà, ayé dùn nígbà náà.

"Ọ́ìlì yìí kì í ṣe omi," Bàbá á wí fún un. "Bí oyin ló ń rìn. Jẹ́ kó rìn."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò gbà ni.

2.
Nígbà tó yá, orúnkún Bàbá kò gbé iṣẹ́ mọ́, ó fi ẹ̀rọ lé Wéré lọ́wọ́. Síbẹ̀, àárọ̀ kan kì í lọ kí ó má wá. Á fọwọ́ pa pákó lára, á jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, á máa tẹ́tí sí ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́.

Àwọn oníbàárà wá ń yin ọmọ. "Wéré yá ju bàbá ẹ̀ lọ!" Orí rẹ̀ wú. Ó ju àrọ sí kọ̀rọ̀. Orí itan ló ń gbé ẹ̀rọ sí báyìí, á máa rọ ọ́ìlì sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì, gbulu-gbulu. Ó ń dà sí ọwọ́ ẹ̀rọ, ó ń dà sí bàtà, ó ń dà sílẹ̀.

"Wéré, ilẹ̀ yìí ń yọ̀ o," Ìyá wí.

"Òógùn iṣẹ́ nìyẹn, Ìyá mi."

3.
Ní ọjọ́ burúkú náà, kápẹ́ńtà kan wá gba pákó. Ọkọ̀ tó háyà ń fọn fèrè lóde.

"Wéré, ṣé kí n máa lọ ni?"

"Ẹ dúró, ọ̀gá, ó ti parí!"

Ó ṣí ìdérí láìnù ún. Lẹ́búlẹ́bú já sínú ojúhò. Ó yí kẹ́ẹ̀gì dà, ọ́ìlì kún, ó ṣàn kálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Wéré fẹsẹ̀ gbá lẹ́búlẹ́bú bò ó.

"Nu ibẹ̀ yẹn!" Ìyá tó yọjú láti ẹ̀yìn ilé pariwo.

"Mò ń bọ̀ wá nù ún!"

Ó gbé ẹ̀rọ sí igi. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi yí padà. Ìdọ̀tí ti dí ọ̀nà ọ́ìlì, ṣéènì ti gbẹ, èéfín ń rú. Bàbá tó wà lórí bẹ́ńṣì gbọ́ ohùn náà, ó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó gbàgbé orúnkún rẹ̀, ó sáré wọlé.

"Pa á, ọmọ mi! Pa á! Ṣéènì ti gb—"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí lẹ́búlẹ́bú. Ó yọ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

4.
Egungun ìbàdí ló dá. Dókítà ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, ṣùgbọ́n Bàbá kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́.

Wéré kúnlẹ̀ ti ibùsùn rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Bàbá, èmi ni mo dà á sílẹ̀. Èmi náà ni mo bò ó."

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo mọ̀. Dìde. Ṣé o ti wá nù ún?"

"Mo ti nù ún, Bàbá."

"Ó dáa."

Kò bá a wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló dun Wéré jù. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gé igi tuntun, á gbé èérún kan lọ síwájú ibùsùn kí Bàbá lè gbóòórùn rẹ̀. Bàbá á di ojú, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn igi tó ti gé látijọ́. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí ó fi dágbére fáyé, kò sì tún rí inú ilé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Oníbàárà tó ń kánjú yóò gba ọjà rẹ̀, yóò lọ, ìwọ àti àwọn èèyàn rẹ ni yóò ṣẹ́kù sílé. Nu ìdérí kó o tó ṣí i. Rọ ọ́ìlì jẹ́jẹ́. Èyí tó bá dà sílẹ̀, má bò ó, nù ún lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ṣọwọ́ sí gbogbo ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́.

Àwọn àgbà ní, ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n ẹni tó da ọ́ìlì síwájú, ẹni tó fẹ́ràn jù lè ṣáájú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.