Ìlà Pupa Ojú Aago Haruo

Ọlọ́gbọ́n ni Tokuji Morozumi, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní ọ̀lẹ nílùú Hamamatsu. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tó burú. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé ibi báyìí ni agbára nǹkan mọ. Bí òtítọ́ bá dí i lọ́nà, á rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní kékeré ni. Ìwà yìí ló ba ayé rẹ̀ jẹ́, tiẹ̀ nìkan kọ́ ló sì bà jẹ́.

Nílé iṣẹ́ Ọ̀gá Suganuma ló ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì alùpùpù eré ìje. Nígbà tí gbogbo ayé ń fi pístíìnì kan ṣoṣo, irin tó ń gún sókè sódò, sínú ẹ́ńjìnnì kékeré, Tokuji ṣe mẹ́rin sí tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ife kékeré tí wọ́n fi ń mu sakè, ọtí ìrẹsì, lọ. Ó ní ọmọ odó tó fúyẹ́ lèèyàn fi ń yára gún nǹkan, òótọ́ ló sì sọ. Ìgbà ẹgbàáje ni ẹ́ńjìnnì náà ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ké, ajá àdúgbò á sá wọlé.

Haruo, àbúrò rẹ̀, ló ń gùn ún. Ogun ti gbé bàbá wọn lọ, Tokuji ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa fa ìlà sójú aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, ní ibi ẹgbàáje, tó ní, “Má kọjá ibí yìí láé.” Haruo ò sì kọjá rẹ̀ rí. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ọkọ Ìlà Pupa, ìyàwó ńkọ́?”

“Ó wà o. Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ ẹ fún mi, mi ò gbọdọ̀ dalẹ̀ ẹ̀.”

Nígbà tí ìdíje ẹsẹ̀ òkè Asama ku oṣù kan, Ọ̀gá Suganuma sọ ojú abẹ níkòó. “Tokuji, tí ẹ́ńjìnnì yìí ò bá gbégbá orókè, pístíìnì kan la ó padà sí.” Tokuji bá gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Hakamata tó ń rọ sípíríǹgì tó ń fa fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì, padà sókè.

“Bàbá, ṣé sípíríǹgì yín lè gba ẹgbàájọ?”

“Ẹgbàáje ni mo rọ ọ́ fún. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, fáàfù ò ní ráyè padà sókè, pístíìnì á sì gbá a. Ọmọ ìyá ẹ ló wà lórí nǹkan yẹn o.”

“Ẹ̀rù ló ń ba ẹ̀yin àgbà. Kékeré náà ni.”

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí ò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Tokuji mọ̀ pé Haruo ò ní kọjá ìlà, ìlà náà ni kò sì fọwọ́ kàn. Nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun ọ̀sán, ó tú aago, ó pààrọ̀ jíà kékeré inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní ẹgbàájọ, ẹgbàáje ni aago ń sọ.

Inú gbogbo wọn dùn nígbà tí wọ́n dán an wò. Alùpùpù náà ń fò. Haruo rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fún un jẹ?” Tokuji náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà tí eérú òkè oníná bò ni wọ́n ti ń sáré ní Asama. Haruo ló ṣíwájú yípo márùn-ún gbáko. Nínú ìkẹfà, igbe ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́ lójijì, táyà ẹ̀yìn gan, ọmọ náà sì fò lọ. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí Tokuji dà, ojú Haruo ló kọ́kọ́ bọ́ sí.

Tokuji sáré dé ibẹ̀, ó gbé orí Haruo lé itan ara rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n… mi ò kọjá ìlà pupa o. Ẹ bá mi sọ fún Ọ̀gá.”

“Mo mọ̀,” ni Tokuji wí. Haruo kú kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni.

Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n bá fáàfù tó kán sínú pístíìnì. Kò sí òṣìṣẹ́ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. “Haruo kọjá ìlà pupa,” ni wọ́n ń sọ. Tokuji gbọ́, ó sì dákẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ keje, ìyá wọn wá sílé iṣẹ́. Ó di ewé tíì tó dára jù lọ sínú aṣọ aláwọ̀ aró, bí wọ́n ti ń ṣe bí ọmọ ẹni bá ṣẹ ilé iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ níwájú Ọ̀gá Suganuma.

“Ọ̀gá, ẹ forí jì wá. Ọmọ mi ò gbọ́ràn, ó ba iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jẹ́.”

Ìyá tó sin ọmọ ló ń bẹ̀bẹ̀ yẹn. Ara Tokuji ò gbà á mọ́. Ó wólẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ aago náà níwájú gbogbo wọn.

Ìyá ò sunkún. “Ṣé ó mọ̀?”

“Rárá, Ìyá.”

“Ṣé ó sọ fún ẹ pé òun ò kọjá ìlà?”

“Ó sọ fún mi.”

“Kí lo wá dá a lóhùn?”

“Mo ní mo mọ̀.”

Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó sì lọ sílé. Kò sí ilé iṣẹ́ tó tún jẹ́ kí Tokuji fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mọ́. Táyà kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ iléèwé ló ń lẹ̀ kiri. Ọdún mọ́kàndínlógún ni òun àti ìyá rẹ̀ tún fi jọ gbé. Láràárọ̀ ni ìyá ń gbé ìrẹsì síwájú àwòrán Haruo, tó ń pe orúkọ rẹ̀, tó ń kí i. Á gbé ti Tokuji náà fún un. Kò pe orúkọ tirẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ìlà tí àgbà fà fún ọmọdé, ẹ̀jẹ́ ni. Ẹni tó gbà wá gbọ́ kì í yẹ̀ wá wò lẹ́ẹ̀kejì, ìdí nìyẹn tí irọ́ tí a pa fún un fi burú ju gbogbo irọ́ lọ. Bí agbára nǹkan bá ti mọ síbì kan, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe yí aago fún ẹni tó fọkàn tán yín, nítorí yóò pa àṣẹ yín mọ́ títí dójú ikú.