Jímọ̀ Ló Kọ́kọ́ Dé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ eré sísá yìí ti sú mi í sọ, ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ kí n sinmi. Ní ìlú Òkè-Ìrókò, níbi tí títì ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti orí òkè wá sí oríta Sọ́mílì, ọlọ́kadà kan wà tó ń jẹ́ Jímọ̀. Jímọ̀ kì í mutí, kì í jalè, kì í sì í bú èrò. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò lè rí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ lójú títì kó fara dà á. Bó jẹ́ ọkọ̀ tó gbé òkú, yóò rí i pé òun kọjá rẹ̀.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìrántí àwọn sójà tó kú sójú ogun, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ìlú náà máa ń gbé àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, kí wọ́n lè fi òdòdó sí ìdí ère tó wà níbẹ̀. Gbogbo wọn á dé akoto, àti ọlọ́kadà àti èrò. Wọn á rọra tò lọ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí ará ìlú lè rí i pé ọlọ́kadà náà mọ ìwà hù lójú títì. Bí wọ́n bá dé oríta Sọ́mílì, alága á fọn fèrè, gbogbo wọn á pa ẹ́ńjìnnì, wọn á sì fi ọwọ́ ti ọ̀kadà wọn kọjá. Ibẹ̀ ni sójà kan tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀dìran kú sí. Ogun kọ́ ló pa á. Ó ti ogun dé, ó ti bímọ, ó ti rí ọmọọmọ, kí ọlọ́kadà kan tó ń sáré tó wá gbá a níbi tó ti ń lọ ra búrẹ́dì.

Sájẹ́ńtì Olúgbódi ni ọ̀rẹ́ Ọ̀jẹ̀dìran. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn sójà náà, ẹni tó bá sì gbé e ló máa ń ṣíwájú. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Màdáàmù Adétóún, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń wá ọlọ́kadà tí yóò máa gbé àwọn ọmọ kéékèèké lọ sílé ìwé, tí yóò sì máa gbé wọn bọ̀. Ó ní lọ́jọ́ ìrántí náà ni òun yóò yan ẹni tó bá wu òun. Jímọ̀ fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an. Iṣẹ́ tó dájú ni, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Ó yọ alága lẹ́nu títí ọ̀rọ̀ náà fi sú alága.

"Ó dáa, gbé Sájẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣe é bí o ti máa ń ṣe é, má padà wá bá mi."

Wọn ò tíì dé mọ́ṣáláṣí tí Jímọ̀ ti ń pòṣé. Ó ní ẹ́ńjìnnì òun ti ń gbóná. Ó ní àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó ru igi ìdáná yọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Bàbá, obìnrin yẹn mà ti kọjá wa."

"Mo rí i," ni Sájẹ́ńtì wí. "Bá mi kí i."

Wọ́n dé oríta. Alága fọn fèrè, àwọn tó kù sì pa ẹ́ńjìnnì. Sájẹ́ńtì ní kí Jímọ̀ pa tirẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ó ṣí akoto rẹ̀, ó nàró ṣánṣán, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí, ó kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Jímọ̀ kò pa ẹ́ńjìnnì, kò sì wo ẹ̀yìn. Tírélà tó kó gẹdú ló ń wò, ó ti rí àyè tóóró kan níwájú rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ọ̀kadà mì díẹ̀, ó rò pé Bàbá ń jókòó dáadáa ni.

"Bàbá, ẹ dì mí mú," ló wí, ó sì fún ọ̀kadà níná.

Wọ́n pè é, pè é. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Bó ṣe dé gbọ̀ngàn ìlú nìyẹn, tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Ó gbé ọ̀kadà dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Màdáàmù Adétóún wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Ó wo ọ̀kadà, ó wo Jímọ̀.

"Jímọ̀, o kú iṣẹ́. Ta lo gbé?"

"Sájẹ́ńtì ni, mà."

"Sájẹ́ńtì dà?"

Jímọ̀ bojú wẹ̀yìn. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan ní kó tú àpò rẹ̀ wò.

Ó pẹ́ kí àwọn yòókù tó yọ. Sájẹ́ńtì ló ṣíwájú, ó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀. Gbogbo ọlọ́kadà ló ń ti ọ̀kadà tẹ̀lé e, nítorí wọn ò jẹ́ gun ọ̀kadà nígbà tí àgbà ń fẹsẹ̀ rìn. Jímọ̀ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rò pé ẹ wà lẹ́yìn mi ni."

"Ẹ̀yìn rẹ náà ni mo wà. O ò wò mí ni."

Màdáàmù fún Súnmọ́nù ní iṣẹ́ náà, ọlọ́kadà tó kẹ́yìn pátápátá. Jímọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sọ ti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún. Màdáàmù gbọ́ ọ tán.

"Ọmọ ọdún márùn-ún kò wúwo tó Sájẹ́ńtì. Bó bá já bọ́, ìgbà wo lo máa mọ̀?"



Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí kò le. Bí o bá gbé èèyàn sẹ́yìn, ẹ̀mí ẹni náà ni kí o kọ́kọ́ rò, kí o tó ro ẹni tó wà níwájú rẹ. Bí ẹni tí o gbé kò bá bá ọ dé, ìwọ náà ò tíì dé ibì kan. Ẹ dé akoto yín, kí ẹ sì máa rọra. Mo ti sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, mo tún ti sọ ọ́ lónìí. Ìwọ tí o fi akoto kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà níta yẹn, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí.