Iye Tí Affissou Ní Iṣu Yóò Jẹ́

Dúró! Ìwọ tí o ń kánjú kọjá, fi ẹsẹ̀ kan dúró ná, kí o sì ṣí etí rẹ méjèèjì. Ọlọ́run tó dá ọ̀la kò fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àmọ́ ọmọkùnrin kan wà ní Bantè tó ní òun ti rí ọ̀kan gbà ní yunifásítì.

Affissou lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1997, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní Kútọnu. Ìṣirò ni wọ́n fi ń wo owó nínú ẹ̀kọ́ náà: kí ọjà tó gbówó lórí, kí ó tó wálẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á ti ṣírò rẹ̀. Ní ọdún tó kẹ́yìn, ọ̀gá wọn ní kí oníkálukú padà sí ìlú rẹ̀, kí ó mú ọjà kan, kí ó sì sọ iye tí yóò jẹ́ lọ́jọ́ tí òun fúnra òun yóò wá wò ó. Ẹni tí ọjà bá bá mu, ó gboyè. Ẹni tí kò bá bá mu, ó tún ọdún náà kọ́.

Affissou mú iṣu. Ìyá rẹ̀, Memounatou, ló ń kó iṣu láti Bantè lọ tà ní Savalou, kò sì sí oníṣu kan lọ́jà náà tí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀, Alassane, ń ta bẹntiróò inú ìgò létí títì. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Gbọ́ mi dáadáa. Agbára mi ti tán. Bí o bá tún ọdún yìí kọ́, kò sí Kútọnu mọ́. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn." Ó nàka sí àrọ tó fi ń rọ epo sínú alùpùpù àwọn èèyàn.

"Mo ti gbọ́, bàbá."

Affissou tilẹ̀kùn mọ́ra. Ó ṣírò òjò, ó ṣírò ọ̀nà, ó ṣírò ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Gouka. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n koko.

"Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi bá dé," ló wí, "òkìtì iṣu kan ní Savalou yóò jẹ́ owó sẹ́fà ẹgbàá ó lé ọgọ́rùn-ún."

Rakia wà níbẹ̀, oníṣu tí àtẹ rẹ̀ kángun sí ti Memounatou lọ́jà Savalou. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú.

"Ẹgbàá kí ni? Nínú oṣù kẹfà? Iṣu àtijọ́ ń tán lọ, tuntun ṣì wà nínú ebè, ẹgbẹ̀ẹ́dógún là ń ta òkìtì báyìí, ìwọ ní yóò wálẹ̀! Affissou, ṣé o jẹ iṣu rí ṣá?"

"Tàǹtí Rakia, ìṣirò kì í purọ́."

"Kì í purọ́, àmọ́ kì í dáko."

Memounatou kò rẹ́rìn-ín. "Èló lo pè é, ọmọ mi?"

"Ẹgbàá ó lé ọgọ́rùn-ún, ìyá mi."

"Tún un pè, kí n lè fi sínú àdúà."

Ó tún un pè. Ètè Memounatou ń mì bí ẹni tó ń há súrà sórí.

Láti ọjọ́ náà, obìnrin náà kò jókòó mọ́. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á gun zémì, alùpùpù akérò, lọ sí Tchetti, ó ní òun fẹ́ kí ẹbí. Ó lọ sí Gouka, ó ní ẹnì kan bímọ. Ní Savalou, wọ́n rí i láàrin àwọn oníṣu ará Mahi, tó ń sọ èdè wọn, tó ń kúnlẹ̀ kí àwọn tí kò tó o bí pàápàá. Alassane bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ìyá Affissou, ẹbí wo ló pọ̀ tó báyìí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Affissou. Nítorí ọmọ ni. Ẹnu èmi nìkan kò lè tó o."

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá Kútọnu, ọmọ Kétu ni, sọ̀ kalẹ̀ ní Savalou nínú ẹ̀wù funfun tí eruku ọ̀nà ti sọ di pupa. Affissou ń tẹ̀lé e. Ọ̀gá dúró níwájú àtẹ Rakia.

"Ẹ kú ọjà, ìyá. Èló ni òkìtì yìí?"

Rakia wo ilẹ̀. Ó wo Affissou bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. "Ẹgbàá ó lé ọgọ́rùn-ún."

"Kò ní dín?"

"Kò ní dín, kò ní lé."

Ọ̀gá lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Mahi. Iye kan náà ni. Ó lọ sí ìdí igi lọ́hùn-ún. Iye kan náà. Wahab, ọmọ Nàìjíríà tó máa ń wá ra iṣu fún títà, gbé iṣu kan sétí, ó ń fi ìka kàn án.

"Ẹ̀yin ìyá, ṣé kì í ṣe pé ó ti jẹrà? Ta ló ń ta iṣu báyìí nínú oṣù kẹfà?"

"Bí o bá fẹ́ rà, rà," Rakia jágbe mọ́ ọn. "Bí o kò bá fẹ́, kọjá, má fi ìka lu iṣu mi pa!"

Wahab ra ìwọ̀n tí ọkọ̀ rẹ̀ lè gbé.

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni, n kò rí irú èyí rí. Affissou, o ti gboyè."

Ní Bantè, Alassane forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí Affissou fi gba yàrá kan ní Savalou, tí àwọn oníṣòwò ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ó lè bá wọn wo ọjà oṣù tó ń bọ̀. Wahab ló ṣíwájú wọn.

Àmọ́ bí ọkọ̀ ọ̀gá ti ń kúrò ní Savalou lọ́jọ́ náà ni Memounatou ti kúnlẹ̀ sáàrin ọjà, tó ní, "Ẹ̀yin ìyá, Ọlọ́run á san án fún yín o, ọmọ wa ti yege, ó yá, ẹ dá iṣu yín padà sí ẹgbẹ̀ẹ́dógún", nítorí náà, ìwọ tí o wà lórí alùpùpù, tí o ń lọ bi Affissou ní iye tí ọjà ọ̀la yóò jẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ṣẹ́rí padà, ilé ìyá rẹ̀ ni kí o yà sí.