Àwọn Tó Mọ Idwal Kí Ọkọ̀ Tó Gbéra

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé òyìnbó kì í kí ara wọn, ẹ sún mọ́bí. Àwọn arìnrìn-àjò orí omi kan wà tí wọ́n ti mọ orúkọ ara wọn, oògùn ara wọn, àti irú ẹyin tí kálukú ń jẹ láàárọ̀, oṣù mẹ́wàá kí wọ́n tó fojú kan ọkọ̀.

Hilary Tapscott ló ń bójú tó gúrúùpù wọn lórí fóònù. Ọkọ̀ máa gbéra ní Southampton ní oṣù Kìíní, ó ń lọ sí Barbados, á sì padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹni tó bá ti kọ nọ́ńbà yàrá rẹ̀ sí gúrúùpù ti di ará ilé nìyẹn.

Oṣù Kẹta ni Glenys Prosser wọlé. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ará ìlú Neath. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ máa lò lójú omi kó tó kan ilẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko," Desmond dá a lóhùn. Desmond ti wa bọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún, kì í sọ̀rọ̀ kó má fi yẹ̀yẹ́ sí i. "Omi lọ́tùn-ún, omi lósì. Bẹ́ ẹ bá bá ọkọ yín jà, kò síbi tẹ́ ẹ máa sá lọ o!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Glenys kọ. "Idwal fẹ́ràn òkun."

Idwal lọkọ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú rí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí iyè rẹ̀ ti ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀. Glenys ò fi pa mọ́ fún wọn. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń ba òun lẹ́rù: kí Idwal má lọ bá ara rẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn, kó má sí ẹyọ ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n.

"Àwa ńkọ́?" Hilary kọ. "Ẹ kọ́ wa. A ó ti mọ̀ ọ́n kó tó dé."

Ni Glenys bá ń kọ́ wọn. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń fi fọ́tò Idwal ránṣẹ́, ti òní pẹ̀lú fìlà, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láìsí fìlà. Ṣúgà méjì ni kí wọ́n fi sí tíì rẹ̀, kí wọ́n bu omi tútù díẹ̀ lé e, torí kì í fi ẹnu fẹ́ ẹ kó tó mu ún. Kí wọ́n má dárúkọ Gareth, àbúrò rẹ̀ tí kòtò wó lù. Bó bá ń tú bọ́tìnnì, ilé ìtọ̀ ló ń wá. Bó bá béèrè Glenys, kí wọ́n ní ó lọ ra mílíìkì.

"Ìyẹn nìkan?" Hilary bi í.

"Ó máa ń tó o títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Nígbà tí fọ́ọ̀mù ìlera dé, Desmond tètè pariwo. "Ìyá, ẹ má kó gbogbo ìtàn yẹn sínú ẹ̀ o! Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ gba lẹ́tà dókítà. Orúnkún mi méjèèjì tó ń dùn mí ò sí lórí tèmi."

Glenys kọ "kò sí" síbẹ̀.

"Yàrá D316 lẹ gbà?" Hilary tún bi í. "Inú yẹn há o. Ọdún tí mo wọ̀ ọ́, tí mo bá na ẹsẹ̀ báyìí, ẹnu ọ̀nà ló ń kàn."

"A ò gba àyè púpọ̀."

Ní oṣù Kẹwàá, àwọn mọ́kànlá nínú wọn pàdé ní Swindon láti jẹun ọ̀sán. Glenys mú Idwal wá. Kò pẹ́ tí wọ́n jókòó, Glenys ní òun ń lọ tọ̀. Ó lo ogójì ìṣẹ́jú. Idwal bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà.

"Ó lọ ra mílíìkì, bàbá," Desmond sọ fún un.

"Ẹ ní kó wò ó dáadáa kó tó gbà á. Èyí tó ti kan ni wọ́n máa ń tà fún un, mùmù ni ìyàwó mi!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Glenys máa fi padà, ọwọ́ Hilary ni Idwal dì mú, ó ń kọrin. Glenys dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ẹ wọlé jàre, kí lẹ ń wò?" ni Desmond wí.

"Mo ń wò yín ni. Ẹ ti mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ yẹn ni Hilary pín iṣẹ́: ta ló máa wà lọ́dọ̀ Idwal láàárọ̀, ta ló máa mú un jẹun ọ̀sán, ta ló máa mú un dé yàrá lálẹ́. Ó ní kí Glenys náà lè sinmi. Glenys sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra. Glenys ti rán orúkọ Idwal mọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó sì fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn. Lẹ́nu ọ̀nà èbúté, ó tú ìborùn Idwal, ó tún un wé.

"Ẹ máa mú un lọ," ó sọ fún Hilary. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gba ìlà gígùn. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan nípa ẹrù."

Hilary di apá ọ̀tún mú, Desmond di tòsì. Idwal bojú wẹ̀yìn.

"Glen, ṣé ò ń bọ̀?"

"Máa lọ, Idwal. Àwọn tó mọ̀ ẹ́ ló mú ẹ dání."

Ní aago márùn-ún ọkọ̀ fun fèrè. Idwal jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń mu tíì. Hilary wá Glenys yí ọkọ̀ ká. Ó pè é lórí fóònù, kò wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ ti ń jìnnà, ó sáré lọ bá ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ìbéèrè.

"Ẹ dá ọkọ̀ dúró! Ìyàwó ẹni tó wà ní D316 ti ṣẹ́ kù sílẹ̀!"

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀rọ iwájú rẹ̀, ó tún un wò.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní, "láti oṣù Kẹta tí wọ́n ti sanwó yàrá yẹn, ibùsùn kan ló wà níbẹ̀, orúkọ ẹnì kan ló sì wà lórí ìwé."