Mẹ́kánííkì Kẹrin

Ìjẹ̀bú-Òde, 1986.

Màmá Rachel ra ẹ́ńjìnnì Pijó àlòkù kan ní Ìjagun, ó ní òun fẹ́ máa fi rin ẹ̀gẹ́.

Ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Màmá ní ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi súìṣì kan pamọ́ sára rẹ̀ nítorí olè.

Mẹ́kánííkì mẹ́ta ti wá. Ọ̀kan tú u palẹ̀, ó tún un tò. Ọ̀kan gbàdúrà lé e lórí. Ẹ̀kẹta ní kí Màmá lọ tà á fún alágbẹ̀dẹ.

Èyí tó bá kùnà, Màmá á di ọ̀jọ̀jọ̀ sínú ewé fún un kó jẹ. Àwa ọmọ àdúgbò ń fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ernest Ògúnbánwò, mẹ́kánííkì tó ń so táì ṣiṣẹ́, dé lónìí.

"Àwọn yẹn? Kẹ̀kẹ́ ni kí wọ́n lọ máa tún ṣe."

Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ kàbúrétọ̀, ó fa wáyà súìṣì náà yọ, ó so ó mọ́ bátìrì.

Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. A pàtẹ́wọ́.

"Ernest, ta ló fi ibẹ̀ hàn ọ́?"

"Ọpọlọ ni, Mà."

"Ẹ́ńjìnnì mọ́tò wa nìyí. Ọkọ mi ló so súìṣì yẹn, kí wọ́n tó jí mọ́tò wa gbé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi nìkan ló fi hàn."

Ó yíjú sí wa.

"Àwọn mẹ́ta tí ẹ ń fi ṣẹ̀sín yẹn, olóòótọ́ ni wọ́n."