Ìyá Ló Láṣẹ Lórí Ìfun

Bí Fọlárìn ṣe gbé àkàrà tó gbẹ̀yìn mì, aago ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ kú àárọ̀, sà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun yín ti kó ọ̀rá àkàrà yìí jọ tán. Ṣé kí wọ́n kó o wọnú ẹ̀jẹ̀ ni, àbí kí wọ́n dà á nù?"

"Ẹ dà á nù kíákíá!" Ọ̀la ni wọ́n máa wọn ikùn níbi iṣẹ́, ẹni tí tirẹ̀ bá sì yọ síta, ilé ló ń lọ.

"Ẹ jẹ́ ká bi alágbàtọ́ yín ná."

Fọlárìn káwọ́ lérí. Nígbà tí òfin ní kí oníkálukú yan alágbàtọ́ ìfun tí yóò máa pàṣẹ ohun tó máa wọ ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló yàn, kí ìyẹn má baà bínú. Ó gbàgbé pé lójú màmá, ọmọ tí kò sanra ni ọmọ tí wọn ò tọ́jú.

Ohùn màmá dún nínú aago: "Kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ wọlé! Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ mi ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi!"

"Iṣẹ́ tí ò jẹ́ kéèyàn jẹun? Ìyàwó tó yẹ kó máa bọ́ ẹ dà?"

"Èmi ni mo ni ìfun yìí!" Fọlárìn pariwo mọ́ aago.

"A mọ̀, sà," ni aago fèsì jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ìyá yín ti sọ̀rọ̀."